Ta ló gbẹ́ ihò náà? Bàbá Kádì dá àwọn òǹkàwé lóhùn

Láti oṣù tí mo ti sọ lójú ìwé yìí pé mo ṣe kádì nígbà èwe mi, ìyẹn ọmọ tó ń ru báàgì fún àwọn tó ń ta gọ́ọ̀fù, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kékeré títí yóò fi wọ ihò, lẹ́tà kò yé dé. Àwọn kan wá láti Ifẹ̀, àwọn kan wá láti ìgboro Iléṣà níbí, ọ̀kan tilẹ̀ gba ọwọ́ dírẹ́bà kan ní gáréèjì kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo yan márùn-ún nínú wọn. Ìdáhùn wọn kò ní gùn bákan náà, torí pé èyí àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí n sùn lóru tí mo kà á.

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tó bí bàbá mi papò dà lọ́dún tó kọjá, a wá ń tún yàrá wọn ṣe. Abẹ́ ibùsùn wọn la ti rí nǹkan méjì tí ẹnikẹ́ni ò dá mọ̀ nínú ilé. Ọ̀kan dà bíi páìpù irin kúkúrú, ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó ní ọ̀pá lórí àti ìdìmú sọ́tùn-ún sósì bíi ti kẹ̀kẹ́. Èkejì jẹ́ pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ igi gígùn, bíi réèkì tí kò léyín. Bàbá mi ní àwọn gbọ́ pé bàbá àgbà ṣiṣẹ́ ní pápá gọ́ọ̀fù kan ní Ìbàdàn kí wọ́n tó padà wálé wá dáko kòkó. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti dá owó lé èyí tó jẹ́ irin. Kí là ń pè é? Ṣé ká tà á?*
— Ọmọ-ọmọ wọn, Ìsọ̀kun, Iléṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ẹ kọ́kọ́ gbé e wọlé ná, kí onírin yẹn tó tún padà wá.

Ohun tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò gọ́ọ̀fù ni páìpù ẹlẹ́nu mímú yẹn. Ẹ fi tépù wọn ìbú ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ íǹṣì 4¼, ìyẹn mìlímítà 108, ọ̀rọ̀ ti yanjú, òun gan-an ni. Bí ihò gọ́ọ̀fù ṣe fẹ̀ tó nìyẹn níbi gbogbo láyé, kò sí ìlú tó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀ ṣá o. Ní Skọ́tílándì níbi tí eré náà ti gbilẹ̀, bó bá ṣe wu oníkálukú ló ń gbẹ́ ihò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan tó ń jẹ́ Musselburgh, irin kan wà tí wọ́n ti ń fi gbẹ́ ihò láti ọdún 1829, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 4¼. Nígbà tó di 1891, àwọn tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní St Andrews, ìlú mìíràn ní Skọ́tílándì, ní kí gbogbo ihò máa jẹ́ ìwọ̀n yẹn. Ẹ ò rí i bí? Kì í ṣe pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan jókòó ṣírò rẹ̀. Irinṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pápá ló di òfin fún ọba àti ìjòyè.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ìdìmú méjèèjì yí i sọ́tùn-ún sósì, á máa rì wọlẹ̀. Tí wọ́n bá fà á sókè, á bá ilẹ̀ wá ní odidi bí ìgbà tí èèyàn yọ ẹ̀kọ nínú ewé. Odindi ilẹ̀ yẹn ni wọ́n á fi dí ihò àná. Wọn kì í jẹ́ kí ihò pẹ́ lójú kan, nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ń yí i ká á ba ibẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó di irin yẹn mú lówùúrọ̀ ló ń pinnu ibi tí dókítà, adájọ́ àti ọ̀gá báńkì máa dojú kọ látàárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ tí bàbá àgbà yín ṣe nìyẹn.

Pákó aláìléyín yẹn ló wá mú omi wá sójú mi, torí mo ti dì í mú rí.

Ọdún 1970 ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi kúrò ní Iléṣà lọ sí Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 13 ni mí. Tí a bá ti dé láti ilé ìwé, èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò á sá gba pápá gọ́ọ̀fù lọ, a ó tò síbi igi máńgòrò kan, a ó máa retí ẹni tí yóò na ìka sí wa. Báàgì náà wúwo. Okùn rẹ̀ máa ń gé mi léjìká. Ṣílè méjì ni wọ́n ń san, ẹni tí eré rẹ̀ bá dáa á fi sísì lé e. Náírà ò tíì dé nígbà yẹn. Oṣù kìíní ọdún 1973 ló dé.

Lóde òní, bí ẹ bá dé pápá gọ́ọ̀fù, ibi tí ihò wà máa ń jẹ́ koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bíi rọ́ọ̀gì. Gíríìnì ni wọ́n ń pè é. Ní ìgbà tiwa, gíríìnì ò sí ní ọ̀pọ̀ pápá ní Nàìjíríà. Bráwùn ló wà. Koríko gíríìnì ń fẹ́ omi lójoojúmọ́, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ ìgékoríko tí abẹ rẹ̀ mú gidigidi, tí ọyẹ́ bá sì dé, gbígbẹ ló ń gbẹ. Àwọn tó ṣe pápá wá rí ọgbọ́n dá: wọ́n á tẹ́ ilẹ̀ rebete, wọ́n á jọ iyanrìn títí tí kò fi ní òkúta, wọ́n á pò ó mọ́ ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọndẹ́ẹ̀mù, wọ́n á tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ọ́ìlì yẹn ló ń di iyanrìn mú tí ẹ̀fúùfù ọyẹ́ ò fi lè gbé e, tí òjò ò fi lè wọ́ ọ lọ, koríko ò sì lè hù níbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú mọ́ pupa, bí àkàrà tó jóná díẹ̀. Bọ́ọ̀lù á yí lórí rẹ̀ láìgbọ̀n, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn á hàn níbẹ̀ bí ìgbà tí adìyẹ gba orí eérú kọjá.

Iṣẹ́ pákó aláìléyín nìyẹn. Bí àwọn kan bá ti ta tán, ẹnì kan á mú pákó náà, á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ihò, á máa fà á yípo yípo, á máa fẹ̀ síta bí ìkarahun ìgbín, títí gbogbo ẹsẹ̀ á fi parẹ́.

Bàbá kan wà ní pápá wa tó jẹ́ pé òun ni olórí iṣẹ́ yìí. Òun ló ń po iyanrìn pẹ̀lú ọ́ìlì. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un. Bó bá dì bí èbà, ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Bó bá ń dà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kù. Ìgbà tó bá dì, tó wá fi àtàǹpàkò kàn án tó fọ́ wẹ́wẹ́, ìgbà yẹn ló tó sọ pé "Ó tó." Mi ò rí ìwé kankan tó kọ ìwọ̀n yẹn sí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti pa bráwùn kẹrin, ó pè mí, ó fi pákó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fà á. Mo fà á wọ́gọwọ̀gọ. Kò bá mi wí. Ó gbà á, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà fún mi. Títí ilẹ̀ fi ṣú la wà níbẹ̀.

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi jọ wà lórí pápá yẹn, "Bàbá" ni gbogbo wa ń pè é, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè. Ó ń dùn mí di òní olónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré àwọn tálákà ni bráwùn o. Ní Amẹ́ríkà, Pinehurst No. 2, tí orúkọ rẹ̀ kan gbogbo ayé, orí iyanrìn ni wọ́n ti ń ta á títí di àárín àwọn ọdún 1930. Ní ilé wa níbí, ọdún 1969 ni ìdíje Nigerian Open bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòyí, àwọn òyìnbó tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun sì ń wọkọ̀ òfuurufú wá. Ọmọ Skọ́tílándì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogún ọdún, Sandy Lyle, Nàìjíríà ló ti gba ife àkọ́kọ́ tó gbà nídìí iṣẹ́ náà, lọ́dún 1978. Ó gba The Open, ìdíje ńlá ti ilẹ̀ Bìrìtéènì, ní 1985, ó gba Masters, ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà, ní 1988. Nígbà tí mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún yẹn, ohun tí mo ń rò ni pé ẹnì kan wà tó tún ilẹ̀ ṣe fún un kó tó ta bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Ìkòyí.

Ẹ fi kẹrosíìnì nu irin náà, ẹ má kùn ún lọ́dà. Ẹ kọ orúkọ bàbá àgbà ní kíkún sínú ìwé, pẹ̀lú oríkì, agboolé, ọdún tí wọ́n lọ Ìbàdàn àti ọdún tí wọ́n dé, ẹ so ó mọ́ irin náà lára. Ẹ bi àwọn àgbà ilé lọ́wọ́ báyìí kí wọ́n tó gbàgbé. Bí ẹ bá gbà fún mi, n óò wá wò ó. Ìsọ̀kun ò jìnnà sí mi.

*Bàbá Kádì, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní OAU. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: kí ló dé tí ihò gọ́ọ̀fù fi jẹ́ 18? Ọ̀rẹ́ mi ní ìgò wisikí kan máa ń kún ife kékeré 18, pé àwọn ará Skọ́tílándì ń mu ife kan ní ihò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọtí bá tán, eré tán. Ṣé òótọ́ ni?*
— Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Irọ́ ni, bó ti wù kó dùn tó. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó jẹ́ ká fi opọ́n ayò bẹ̀rẹ̀. Ihò mélòó ló wà lójú opọ́n? 12. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wa, torí a bá a bẹ́ẹ̀ ni. Gọ́ọ̀fù ní tirẹ̀, kò bá nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ló ń sọ iye ihò rẹ̀. Ní Leith lẹ́bàá Edinburgh, níbi tí wọ́n ti kọ òfin àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1744, òfin 13 péré, ihò márùn-ún ló wà ní pápá. Ní Prestwick, tí wọ́n ti ṣe The Open àkọ́kọ́ ní ọdún 1860, ihò 12 ló wà, bíi ti opọ́n ayò gẹ́lẹ́. Ẹni mẹ́jọ ló wá díje, wọ́n yí pápá náà po nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Willie Park ló gbégbá orókè.

St Andrews ni 18 ti wá. Pápá ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn lọ lẹ́bàá òkun. Bí wọ́n bá ta á lọ dé òpin, wọ́n á yíjú padà, wọ́n á tún máa ta á bọ̀ sí àwọn ihò kan náà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 22. Ní 1764, wọ́n wò ó pé àwọn ihò mẹ́rin kan kúrú jù, wọ́n sọ mẹ́rin di méjì. Méjì dín nínú àlọ, méjì dín nínú àbọ̀. Ó ku 18. Bí ẹgbẹ́ St Andrews ṣe ń di àgbà láàárín àwọn ẹgbẹ́ yòókù, àwọn yòókù ń wò wọ́n ṣe, títí 18 fi di ti gbogbo ayé.

Mo fẹ́ fi orúkọ ẹnì kan kún un fún ọ. Ẹni tó la ihò 12 ti Prestwick ní 1851 ni Tom Morris, ọmọ ahunṣọ. Òun náà ló tún padà lọ tọ́jú pápá St Andrews, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1903. Iyanrìn ló gbà gbọ́: ó ń bù ú sórí koríko kí koríko lè nípọn. Ó gba The Open lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni iṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lé. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe ihò kejìdínlógún ní St Andrews, ihò tó kẹ́yìn, níwájú gbogbo ilé ńláńlá. Mo mọ pápá tó ju ẹyọ kan lọ ní ilẹ̀ wa tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gá ológun pè, tàbí ti ọlọ́lá. Mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ti fi orúkọ agékoríko pe ihò.

*Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìbejì ni mo bí, Táíwò jẹ́ obìnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ ọkùnrin. Táíwò lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi ní Ada, ó rí pápá gọ́ọ̀fù tó wà níbẹ̀, ó dé, ó ní eré tí òun fẹ́ kọ́ nìyẹn. Kẹ́hìndé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lẹ́tà mẹ́rin tó wà nínú orúkọ eré náà lédè òyìnbó túmọ̀ sí pé ọkùnrin nìkan ló ni ín, obìnrin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún.*
— Ìyá Ìbejì, Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí ó nu ojú rẹ̀ nù. Orúkọ yẹn ti wà nínú ìwé òfin Skọ́tílándì láti 1457, nígbà tí ọba wọn, James Kejì, ní kí wọ́n yé ta gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ò kọ́ ọfà títa mọ́. Kì í ṣe lẹ́tà mẹ́rin tí ẹnì kan kó jọ. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n fi ìtumọ̀ yẹn lé e lórí.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọmọ: ẹgbẹ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin pọ̀. Ẹgbẹ́ Royal and Ancient ti St Andrews, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1754, ọdún 2014 ni wọ́n tó dìbò pé kí obìnrin wọlé. Ẹgbẹ́ ti Muirfield, ní Skọ́tílándì náà, di 2017. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin St Andrews kò jókòó dè wọ́n, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti 1867. Tí Táíwò bá sì ń gbé bọ́ọ̀lù lé orí igi kékeré tí wọ́n ń pè ní tíì, kó mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú kan, dókítà eyín ní Boston, George Grant, ló gba ìwé àṣẹ lórí igi tíì ní 1899. Kí wọ́n tó rí igi, iyanrìn tútù ni wọ́n ń mọ sókè, ọmọ kádì ló sì ń mọ ọ́n.

Koríko gíríìnì gan-an, tiwa ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ tó móoru, tí wọ́n ń pè ní Bermuda, Áfíríkà ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, fi irú rẹ̀ kan láti Gúúsù Áfíríkà gùn ún, wọ́n mú ọmọ rẹ̀ jáde ní 1956, wọ́n ń tà á kiri ayé. Èyí tó tún wá tẹ̀ lé e ní 1965 kúrú jù ú lọ. Nígbà tí Táíwò bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ gíríìnì, kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kẹ́hìndé náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó bá a lọ, kó ru báàgì fún un.

*Mo kí yín, Bàbá. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa wà ní ìlú mìíràn. A fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì ní kí n kọ ìtàn ẹgbẹ́ àti ti pápá. Mo ti ní orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ ọ̀gá ẹgbẹ́ rí pẹ̀lú àwòrán wọn, àti orúkọ àwọn tó gba ife. Kí ló kù?*
— Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan

Akọ̀wé, ẹ má bínú sí mi. Ilẹ̀ ló kù.

Ifẹ̀ lẹ ń gbé, ẹ ò sì jìnnà sí ohun tí mo fẹ́ wí. Lọ́dún 1938, ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ló kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé wá ń wò lónìí. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ni ọkọ́ wọn kan ère idẹ, kí àwọn onímọ̀ tó dé. Orúkọ àwọn onímọ̀ wà nínú ìwé. Ẹ bi mí ní orúkọ ẹni tó di ọkọ́ mú. Bí ìtàn pápá gọ́ọ̀fù ṣe ń rí náà nìyẹn: ẹni tó ta bọ́ọ̀lù wà lára ògiri, ẹni tó gbẹ́ ihò kò sí níbì kankan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé koríko báyìí. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹ má fi ìwé ìbéèrè lé wọn lọ́wọ́, ẹ bá wọn rìn yí pápá ká, ẹsẹ̀ á rán wọn létí ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Ẹ béèrè oko ta ni ibẹ̀ jẹ́ kó tó di pápá. Kòkó ni, àbí iṣu, àbí igbó lásán? Ìdílé wo ló ni ilẹ̀, kí ni wọ́n gbà fún un, ṣé sàréè ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, ṣé igi kan wà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gé? Ní pápá wa, ìrókò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò keje tí katakata yà fún. Gbogbo àwọn ọ̀gá rò pé nítorí ibòji ni.

Ẹ bi àwọn kádì pé kí ni wọ́n ń pe ihò kọ̀ọ̀kan láàárín ara wọn. Nọ́ńbà ni àwọn ọ̀gá ń pè, àwa ní orúkọ tiwa. Ihò kẹta wa ń jẹ́ "Agbébọ́ọ̀lù", torí odò kékeré kan tó wà níwájú rẹ̀. Ihò kọkànlá ń jẹ́ "Sọ̀ kalẹ̀ ná", torí òkè ibẹ̀ ga débi pé kádì gbọ́dọ̀ sọ báàgì kó tó gùn ún tán. Nínú orúkọ yẹn lẹ ti máa mọ ibi tí odò gbà kí wọ́n tó dí i, àti bí ilẹ̀ ṣe rí kí katakata tó tẹ́ ẹ. Ẹ béèrè ọdún tí bráwùn di gíríìnì, ẹni tó gbin ìdì koríko àkọ́kọ́, àti ibi tí wọ́n da iyanrìn ọlọ́ìlì yẹn sí.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó lọ sídìí ìwé. Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ tọrọ ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ ìgbà amúnisìn, torí ilẹ̀ tí wọ́n gbà fún eré máa ń wà níbẹ̀. Ní Ifẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ wọ ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, ẹ wá ìwé ìròyìn àtijọ́: Daily Times ti wà láti 1926, Tribune láti 1949. Ẹ tún wo ìwé ìsanwó ẹgbẹ́ yín, kì í ṣe ìwé ìpàdé nìkan. Inú ìwé ìsanwó ni orúkọ àwọn lébìrà máa ń wà, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ ìka kí wọ́n tó gbowó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi le tó báyìí. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ṣe ìwé àjọ̀dún. Ìwé náà dára, bébà rẹ̀ ń dán. Ọ̀rẹ́ mi kan mú un wá fún mi, mo sì ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mò ń wá àwọn èèyàn mi. Ojú ewé kan ni mo ti rí wa. Àwòrán àwọn olówó mẹ́ta tí wọ́n gbé ife dání, àwa ọmọ mẹ́rin dúró sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì, Bàbá wà ní ìkángun, pákó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́ta yẹn sísàlẹ̀, orúkọ àti oyè. Ibẹ̀ ni wọ́n dá a dúró. Mo fi gègé kọ orúkọ àwa mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wá dé ọ̀dọ̀ Bàbá, gègé dúró.

Akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí gègé tiyín dúró. Ẹ fi orúkọ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ sí i, wọ́n ná owó, wọ́n sì ṣe ojúṣe wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fún àwọn tó ṣe ilẹ̀ ní ojú ewé tó pọ̀ tó tiwọn.

*Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá mi ló ní kí n kọ ọ́, ojú wọn kò ríran mọ́ dáadáa. Wọ́n ti pé ọdún 81. Wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́ ní pápá gọ́ọ̀fù ní Ìbàdàn, iṣẹ́ iyanrìn àti ọ́ìlì. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tó jáde lóṣù tó kọjá fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bi yín, ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń ké bí bọ́ọ̀lù bá ń já bọ̀ lórí èèyàn?*
— Ọmọ wọn obìnrin, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà

Mo rántí. "Fóò!" ni àwọn ọ̀gá ń ké. Àwa á fi "Orí o!" gbè é, nítorí àwọn tó ń gba àárín pápá lọ sí oko ò mọ ohun tó ń jẹ́ fóò.

Ọmọ mi, bá mi kí Bàbá. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, mọ́tò ìdájí ni màá wọ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n má tíì sùn ọ̀sán kí n tó dé. Ìwé wà lọ́wọ́ mi, bírò wà lọ́wọ́ mi, àwòrán kan sì wà tí mo fẹ́ kí o ṣàpèjúwe fún wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí màá béèrè ni orúkọ wọn ní kíkún.